Ta Ló Ni Ọ̀nà Yìí?

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù keje, òjò ọjọ́ mẹ́ta ti sọ àdúgbò wa ní Ìbàdàn di ẹrẹ̀. Obìnrin kan ń rọbí ní ilé kẹrin sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ pe awakọ̀ kan. Awakọ̀ náà dé ẹnu títì, ó wo ọ̀nà tó wọlé sọ́dọ̀ wa, ó ní òun ò wọ ibẹ̀, pé kòtò yẹn á gbé ọkọ̀ òun mì. Àwa ọkùnrin mẹ́rin la gbé obìnrin náà sórí àga oníke, la bá ń gbé e lọ nínú omi tó mù wá dé orúnkún. A ò tíì dé títì tí ọmọ fi dé. Ìyá àgbà kan tó tẹ̀lé wa ló gbẹ̀bí rẹ̀ lábẹ́ búkà ẹlẹ́kọ, iná fóònù la fi ríran. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, tìyá tọmọ yè. Nígbà tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kò sẹ́ni tó ronú orúkọ pẹ́ títí. Abíọ́nà ló ń jẹ́.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn onílé yan àwa mẹ́ta pé ká lọ bá káńsù sọ̀rọ̀. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn kò sọ̀rọ̀ sí wa bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó fún wa ní àga, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe tiwa. Ti ìpínlẹ̀ ni.” A lọ sí ti ìpínlẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà àdúgbò ni, pé ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. A padà sí káńsù, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà. A kọ ọ́. Títí di òní, lẹ́tà náà kò bí ọmọ.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ọ̀kan nínú wa, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, béèrè pé, “Ó dáa, ta ló ni ọ̀nà yìí gan-an?” Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá rí i pé ó ti pẹ́ ju káńsù lọ. Àwọn baba wa ti jà nítorí ẹ̀, àwọn kan sì ti kú lórí ẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ìdáhùn rẹ̀ kò le púpọ̀. Ọ̀nà oko, ti àwọn tó ń dá oko níbẹ̀ ni. Ọ̀nà tó ti ìlú kan lọ sí èkejì, ti ìlú méjèèjì ni, oníkálùkù á sì yẹ ọ̀nà dé ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ pin sí. Bí igbó bá ti ń bo ọ̀nà, tàbí bí ọdún ńlá bá ti ń bọ̀, olórí àdúgbò á rán akéde jáde. Akéde á lu agogo, á ní ọjọ́ báyìí ni iṣẹ́ ọ̀nà, agboolé kọ̀ọ̀kan á sì mú àwọn géńdé rẹ̀ jáde pẹ̀lú àdá àti ọkọ́. Agboolé tí kò bá yọjú á san owó ìtanràn. Ẹ má jẹ́ ká fi oyin sí i lẹ́nu: ìwọ̀fà àti ẹrú wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe gbogbo wọn ló fi ìfẹ́ inú wọn wá. Síbẹ̀, ẹni tó ń ro ọ̀nà ló ń rìn ín, ó sì mọ ojú ẹni tó pè é jáde.

Ọ̀nà tún jẹ́ owó, ó sì jẹ́ agbára. Oníbodè máa ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú, á gba owó lọ́wọ́ àwọn aláròóbọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Nígbà ogun, ohun tó ń dun ìlú jù ni kí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ní gbogbo ìgbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀rọ̀ ọ̀nà sí etí òkun wà lára ohun tó ń ká Ìbàdàn lára jù, torí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló wà láàárín òun àti ìyọ̀ àti ìbọn tó ń ti etíkun bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì dì mú tó fi gbógun ti Ìjẹ̀bú ní 1892, ní Ìmàgbọn. Ohun tí wọ́n ní àwọn ń wá ni kí ọ̀nà ṣí. Ọ̀nà ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí i ló wá di ẹni tó ń pàṣẹ lórí ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní 1906, ìjọba ti ń fi ọkọ̀ mọ́tò kó ẹrù láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, lórí ọ̀nà mọ́tò tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ń pè ní àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Níbí ni nǹkan ti yí padà. Ẹsẹ̀ ènìyàn lè fo kòtò, ẹṣin lè yà á sílẹ̀. Mọ́tò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ń fẹ́ fífẹ̀, ó ń fẹ́ afárá, ó ń fẹ́ kòtò àgbàrá ní ọ̀tún àti òsì, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún. Ta ni yóò ṣe é?

Ìjọba ní kí àwọn ọba àti baálẹ̀ pe ènìyàn jáde bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní Gúúsù Nàìjíríà, wọ́n ti ṣe òfin kan ní 1903 lórí ọ̀nà àti odò: olóyè lè pe ọkùnrin àti obìnrin sí iṣẹ́ ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ lè ní, ṣebí àṣà wa náà nìyẹn? Kì í ṣe òun. Nínú àṣà wa, ọ̀nà ọjà wa là ń ro. Nínú òfin tuntun, ọ̀nà tí àjẹ́lẹ̀ yàn ni, ibi tí kò kan oko ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tó kọ̀, ilé ẹjọ́ ni. Olóyè tí àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún tẹ́lẹ̀ wá dà bí kápéńtà tí wọ́n fi òòlù ẹlòmíràn lé lọ́wọ́: òun ló ń lu ìṣó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé tirẹ̀ ló ń kọ́.

Ìbínú náà kò pẹ́ kó tó jáde. Ní oṣù kẹwàá 1916, Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde. Iṣẹ́ àfipáṣe wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí ìjọba lọ́rùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kóòtù àti agbára tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà kan fún àwọn mìíràn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1918, Ẹ̀gbá náà gbaná jẹ. Ogun Adùbí ni wọ́n ń pè é. Owó orí tuntun ló tan iná náà, àmọ́ igi ìdáná ti wà nílẹ̀ tipẹ́: iṣẹ́ ọ̀nà tí kò lówó nínú, àti àwọn wolé-wolé tó ń bu owó ìtanràn fún àwọn ènìyàn lórí ìdọ̀tí. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ìjọba kó ṣọ́jà wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Àwọn tí ìjọba fi wádìí ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣàì mẹ́nu ba iṣẹ́ àfipáṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí rèé. Owó orí àti iṣẹ́ ọ̀nà kò yẹ kó jọ wà pọ̀. Àlàyé tí wọ́n fi gbé owó orí jáde ni pé bí ènìyàn bá ti san án, ìjọba á fi sanwó fún lébìrà. Ìwọ máa bá oko rẹ lọ, ìjọba á máa bá ọ̀nà lọ. Ohun tó bí àwọn Ẹ̀gbá nínú ni pé wọ́n ń gba ọwọ́ méjèèjì lọ́wọ́ wọn. Ní 1930, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ní Geneva ṣe àdéhùn lórí fífi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe, Nàìjíríà náà sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1933. Díẹ̀díẹ̀, lébìrà tó ń gbowó rọ́pò ọmọ agboolé. Àdéhùn náà wá fẹsẹ̀ múlẹ̀: ẹ san owó, ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó dàgbà jù wá lọ rántí àwọn lébìrà ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn, ti PWD àti ti káńsù. Wọ́n á wà ní ẹgbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àdá àti agbada irin, wọ́n á ṣán koríko, wọ́n á kó yanrìn kúrò lójú àgbàrá, wọ́n á di ihò tí kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Iṣẹ́ wọn kò ní ariwo. Bàbá tó béèrè ìbéèrè lọ́nà lọ́jọ́ yẹn sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, àwọn ọmọdé mọ orúkọ olórí lébìrà tó ń mójú tó ọ̀nà abúlé wọn. Bí ihò bá yọ, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá wí.

Ìjọba tún pín ọ̀nà sí mẹ́ta. Ọ̀nà ńlá tó so àwọn ẹkùn pọ̀, Trunk A, wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Trunk B wà lọ́wọ́ ìjọba ẹkùn, èyí tó di ti ìpínlẹ̀ lónìí. Trunk C, ìyẹn gbogbo ìyókù, ọ̀nà oko, ọ̀nà abúlé, ọ̀nà àdúgbò, wà lọ́wọ́ káńsù. Ọ̀nà tó pọ̀ jù, tó sì kù díẹ̀ káàtó jù, ni wọ́n gbé fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù.

Ní 1952, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun. Awólọ́wọ̀ gan-an ni mínísítà fún ìjọba ìbílẹ̀ nígbà náà. Káńsù tí ará ìlú dìbò yàn wá rọ́pò èyí tí ọba nìkan ń darí. Kánsẹ́lọ̀ wá láti wọ́ọ̀dù rẹ, o mọ ilé rẹ̀. Ìrètí pọ̀. Kò sì pẹ́ tí àléébù fi yọjú: ní 1956, ìròyìn ìwádìí tí E.W.J. Nicholson ṣe lórí káńsù Ìbàdàn jáde, ó sì fi ìṣàkóso burúkú hàn níbẹ̀. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.

Ẹ̀yìn tó wọ́ yẹn ló bí Àgbẹ̀kọ̀yà. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ rọ́ dé Màpó, níbi tí káńsù Ìbàdàn wà. Àwọn ìwé ìtàn sábà máa ń sọ pé owó orí ló fà á. Òótọ́ ni. Wọ́n ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, làwọn máa san. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù ohun tí wọ́n béèrè: kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń yọ wọ́n lẹ́nu kúrò ní abúlé, kí owó kòkó gòkè, kí wọ́n sì tún ọ̀nà abúlé ṣe. Ẹ gbọ́ ọ yé mi dáadáa. Àgbẹ̀ tó ń gbé kòkó lé orí rìn ní máìlì mélòó kan kó tó dé ibi tí lọ́rì lè dé, òun ló mọ iye tí ọ̀nà burúkú ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó orí rẹ̀ lọ, ọ̀nà kò dé. Lójú tirẹ̀, káńsù ló kọ́kọ́ da àdéhùn. Ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò kí ìjọba tó gbà láti dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì ní 1969, lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ ti lọ bá àwọn àgbẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Owó orí wálẹ̀. Ọ̀nà ńkọ́? Ẹ lọ wo ọ̀pọ̀ abúlé lónìí.

Ní 1976, ìjọba ológun tún gbogbo rẹ̀ tò. Wọ́n sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìpele kẹta, irú kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè, 301 ní ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí, wọ́n jẹ́ 774. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìhà tiwa, Èkó ní 20, Ọ̀yọ́ 33, Ọ̀ṣun 30, Ògùn 20, Oǹdó 18, Èkìtì 16. Owó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpò àpapọ̀ wá. Ìyẹn dára, àmọ́ ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí káńsù ń jẹun nínú owó orí tí mo san, ó di dandan kó wojú mi. Nígbà tí owó bá ń ti Àbújá bọ̀ lóṣooṣù, ojú káńsù á kọ sí Àbújá.

Ìwé òfin 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Àfikún kẹrin rẹ̀ ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ: ṣíṣe àti títọ́jú ọ̀nà àti òpópónà, iná ojú ọ̀nà, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn, kíkó pàǹtí, títí kan sísọ òpópónà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sí ara ilé. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà ní kí owó náà gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ni kọjá. Inú àpò yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Káńsù á ní ìpínlẹ̀ ló di owó mú, ìpínlẹ̀ á ní owó oṣù olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ló gbé e lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, alága tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a dìbò yàn, gómìnà ló fi í síbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, pé káńsù tí a kò dìbò yàn kò bófin mu. Ẹjọ́ náà dára létí. Ó kù kó dé orí ọ̀nà.

Ohun kan tí ilé ẹjọ́ kò lè ṣe fún wa ni iṣẹ́ kékeré ojoojúmọ́. Ohun tó ń ba ọ̀nà jẹ́ jù, omi ni. Tí ọ̀dà bá sán díẹ̀, omi á gba ojú sísán náà wọlé, á rọ ilẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀, táyà á tẹ̀ ẹ́, ọ̀dà á fọ́. Ohun tí ọ̀dà kóńgò kan ì bá dí nínú oṣù kejìlá á ti di kòtò nínú oṣù kẹfà. Nítorí náà, láti ìgbà tí òjò bá dá nínú oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni àkókò iṣẹ́: kíkó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, ṣíṣí ojú afárá kéékèèké, dídí ihò. Ẹni tó bá sì fẹ́ dí ihò dáadáa gbọ́dọ̀ gé etí rẹ̀ gún, kó kó gbogbo èyí tó ti rọ̀ jáde, kó tó da tuntun sí i, kó sì kì í mọ́lẹ̀. Kéèyàn kàn da yanrìn sí i, òjò àkọ́kọ́ á gbé e lọ sínú gọ́tà, gọ́tà á dí, omi á padà sórí ọ̀nà. Ẹni náà ti ṣe kòtò méjì níbi tí ọ̀kan wà.

Ìbàdàn mọ ohun tí gọ́tà àti odò tó dí lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún dé, ó tún gbé ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò pọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, a ò lè ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a ti kọ́lé sí etí odò, a ti da ilẹ̀ sínú ẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá wa dúró. Kò sẹ́ni tó ń gé ríbọ́nù fún gọ́tà tí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú ẹ̀. Torí náà, ọ̀nà tuntun máa ń wu alága ju ọ̀nà tó wà nílẹ̀ lọ.

Ní àdúgbò wa, a ti dá owó jọ. Ilé kọ̀ọ̀kan mú owó wá, ayálégbé náà kò gbẹ́yìn. A ra òkúta típà mẹ́rin, àwọn ọ̀dọ́ jáde lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àwọn ìyá se ìrẹsì. Ó dùn láti wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, “Ẹ ò rí i, bí ti àwọn baba wa àtijọ́.” Èmi náà yọ̀, mo gbé òkúta. Ṣùgbọ́n mo rántí Ẹ̀gbá 1918. Àwọn baba wa àtijọ́ kò san owó orí lórí ọ̀wẹ̀ wọn. Àwa ń san owó orí, a ń san owó ilẹ̀, a ń san tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, a sì tún gbé ọkọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, a sì ń pè é ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀.

Mi ò ní ká má ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tó ń rọbí kò lè dúró de ìdájọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a bá ṣe é tán, ká gbé ìwé iye tó ná wa lọ sí káńsù, ká béèrè àkọsílẹ̀ ọ̀nà tó wà lábẹ́ wọn, ká sì mọ̀ bóyá tiwa wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ká ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, kí ìpínlẹ̀ náà rí i kà. Ọ̀nà tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni kò lè rí lébìrà láéláé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la tún máa lọ, àwa mẹ́ta kan náà.

Abíọ́nà ti ń rìn báyìí. Pátákó kan la tẹ́ sórí gọ́tà níwájú ilé wọn, ìyá rẹ̀ á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á jọ gba orí ẹ̀ kọjá. Òun kò tíì mọ ìdí tó fi ń jẹ́ orúkọ yẹn. Yóò béèrè lọ́jọ́ kan. Ó wù mí kí ọ̀nà ti dára nígbà náà, kó má gbàgbọ́ nígbà tí a bá sọ fún un.